Yìnyín ti yọ́, ẹja wá dà?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Brooklyn Park ni mo wà, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, inú ọkọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ ẹja pípa. Ní ìparí oṣù Kẹrin tó kọjá, oòrùn mú débi pé síńgílẹ́ẹ̀tì lásán la wọ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì wa mọ́tò lọ sí adágún Mille Lacs. Yìnyín ti lọ tán. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ọ̀sán la fi ń ju ìwọ̀ sí ibi tó jìn jù tí apá wa ká, ọ̀pá méjì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹja kan ṣoṣo la rí, kò gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Òyìnbó kan tó ń kọjá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ká ọ̀pá kan kúrò, ó tún ní walleye, ẹja tí à ń wá, àkókò tí òfin gbà ká pa á ò tíì ṣí. Ẹ̀gbọ́n, ibo ni ẹja ń wà nígbà ìrúwé níbí? Ìgbà wo ni kí n padà lọ?"

Àbúrò mi, kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó yẹn. Ká ní ẹ̀ṣọ́ ìjọba ló bá ẹ̀yin mẹ́ta nídìí ọ̀pá mẹ́fà, owó ìtanràn lẹ bá máa rò, ẹ ò ní ráyè béèrè ẹja. Nínú àwọn adágún Minnesota, ọ̀pá kan ni òfin gbà fún ẹnì kan nígbà tí omi bá ṣí. Ìgbà tí yìnyín bá bo omi ló tó gba méjì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé lẹ́bàá Bemidji, ní àríwá ìpínlẹ̀ yìí, mo sì ń fi ọkọ̀ mi gbé àlejò lọ pẹja. Lọ́dọọdún ni mò ń gbọ́ irú ìtàn rẹ yìí, ẹni tó mọ ẹja pa níbòmíràn ló sì sábà máa ń sọ ọ́ fún mi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pa rárá á béèrè kó tó lọ.

Ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, omi kì í tutù. Ohun tí bàbá rẹ ń wò ni òjò, òṣùpá, afẹ́fẹ́, àti àwọ̀ omi nígbà tí odò Ọ̀ṣun bá kún. Kò sídìí tó fi máa bi ara rẹ̀ pé báwo ni omi ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó lónìí. Níbí, ìbéèrè yẹn ló ṣáájú gbogbo ìbéèrè. Ẹja ò dá ooru ní bíi tàwa èèyàn. Bí omi bá tutù, ara rẹ̀ náà á tutù, oúnjẹ ò ní tètè dà nínú rẹ̀, kò sì ní sáré lé ìdẹ tó jìnnà sí i. Nígbà ìrúwé, ìwọ̀n 5 sí 10 péré lórí Fahrenheit ló máa ń wà láàárín etí omi tí ẹja kún bí èrò ọjà Olúwo àti etí omi mìíràn tí o lè jókòó tì dalẹ́ láìrí ìpẹ́.

Oòrùn tó mú yín wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀tàn ni. Wákàtí díẹ̀ ló fi ń mú afẹ́fẹ́ gbóná. Omi ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mille Lacs fẹ̀ tó 132,000 éékà, yìnyín rẹ̀ kì í sábà lọ tán kí oṣù Kẹrin tó máa parí. Ìyẹn ni pé ẹ dé síbẹ̀ nígbà tí omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ká ní ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ kà dé ọgbọ̀n, ẹ ò bá ti mọ ohun tó ń ṣe ẹja.

Omi tútù ní ìwà kan tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nǹkan. Ní ìwọ̀n 39 lórí Fahrenheit, tí í ṣe 4 lórí Celsius, ló ti ń wúwo jù lọ. Bó bá tún tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ padà. Òun ló jẹ́ kí yìnyín máa léfòó dípò kó rì. Nítorí náà, jálẹ̀ ìgbà òtútù, ìsàlẹ̀ adágún ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, òkè ló tutù jù. Bí yìnyín bá yọ́, oòrùn á gbé omi òkè láti 32 lọ sí 39, á wúwo, á rì. Afẹ́fẹ́ á wá bá a dá sí i, á máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ń ro àmàlà, láti òkè délẹ̀. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ibi tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ibi tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 35 á tutù bákan náà. Inú ọjọ́ wọ̀nyẹn lẹ bọ́ sí. Kò sí ibì kan láàárín adágún náà tó sàn ju ibòmíràn lọ lójú ẹja, ẹ̀yin sì ń ju ìwọ̀ sí àárín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Omi tó bá ti kọjá 39 kì í rì mọ́, òkè ló ń jókòó sí. Oòrùn níbí náà kì í gba àárín orí wa kọjá bíi tilé, apá gúúsù ló ń gbà, nítorí náà bèbè tó wà ní àríwá adágún, tó kọjú sí gúúsù, ló ń rí i jù lọ. Àwọn kọ̀rọ̀ omi tó wà ní apá àríwá àti àríwá ìwọ̀-oòrùn tún ní igbó lẹ́yìn tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù dúró fún wọn. Bí atẹ́gùn láti gúúsù bá fẹ́ fún ọjọ́ méjì, á máa ti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó wà lókè lọ sí bèbè yẹn kan náà. Bí ìsàlẹ̀ kọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú, á máa mu oòrùn bí aṣọ dúdú ṣe ń mu ún lára èèyàn. Kòkòrò inú ẹrẹ̀ á jí, ẹja wẹ́wẹ́ á wá jẹ kòkòrò, ẹja tí ò ń wá á wá jẹ ẹja wẹ́wẹ́.

Jẹ́ kí n fi èyí tí mo fojú rí hàn ọ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ bíi karùn-ún lẹ́yìn tí yìnyín lọ, mo gbé bàbá àgbàlagbà kan lọ sí adágún kékeré kan tí kò jìnnà sílé mi. Mo so tẹmọ́mítà mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sómi lẹ́nu kọ̀rọ̀ kan: 44. A rọra wọlé, mo tún sọ ọ́: 48. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá koríko odò tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá, níbi tí omi ò kọjá ìtan: 55. Láti 44 dé 55 yẹn, ọ̀nà tí a rìn kò gùn ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ. Bàbá náà wo omi, ó wo ojú mi, ó ní ṣé ibi tí ewúrẹ́ lè dúró mumi yìí ni mo gbé òun wá pẹja. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀.

Crappie ló wà níbẹ̀. Ẹja pẹlẹbẹ ni, ó ní àmì dúdú wínníwínní lára, àgbà rẹ̀ lè gùn tó 12 íńṣì. Òun àti sunfish, ẹja pẹlẹbẹ kékeré bíi tirẹ̀, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé rẹ, nítorí pé tọdún tọdún ni àkókò wọn ṣí jákèjádò ìpínlẹ̀ yìí, kò sí pé à ń dúró de ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹyin ló wá yé nígbà tí wọ́n bá rí i létí omi ní oṣù Kẹrin. Oúnjẹ ló wá jẹ. Kò ní yé títí omi yóò fi dé nǹkan bíi 62 sí 68, ìyẹn sì lè di ìparí oṣù Karùn-ún tàbí kó wọ oṣù Kẹfà lápá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará ibí ní bí òdòdó lilac bá ti ń tú, crappie ti wà lórí ìtẹ́. Mo gba àmì yẹn gbọ́ bí mo ṣe gba lékeléke gbọ́ pé ó ń bá ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Bí a ṣe ń pa á rèé. Okùn tín-ín-rín ni kí o lò, èyí tó ń gbé pọ́n-ùn 4, tàbí 6 bí koríko bá pọ̀. Ìwọ̀ kékeré olórí òjé, tí kò wúwo ju ìdá 32 áúnsì kan lọ, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ kan tàbí ìyẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀. Fi bọ́bà kékeré, èyí tó ń léfòó láti fi hàn pé ẹja ti jẹ ìdẹ, gbé e rọ̀ sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sísàlẹ̀. Má ṣe jẹ́ kó kan ẹrẹ̀. Ojú crappie wà lókè orí, òkè ló ń wò, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀ ò kàn án. Jù ú kọjá ibi tí o fẹ́, rọra fà á wá síbẹ̀, kí o wá fi í sílẹ̀. Kà dé ogún. Yí ríìlì lẹ́ẹ̀kan, kí o tún kà dé ogún. Ibi kíkà yìí ni àwa Yorùbá ti máa ń ṣubú, ọwọ́ wa ò lè dákẹ́.

Bàbá tí mo gbé lọ yẹn, ó ń retí kí bọ́bà rì. Bọ́bà ò rì o. Ó kàn dùbúlẹ̀ lórí omi ni, bí ìgbà tí oorun gbé ọmọdé lórí ìjókòó. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀pá. Ẹja náà ti gba ìdẹ láti ìsàlẹ̀, ó gbé òjé sókè, òun ló jẹ́ kí bọ́bà rọ̀ tó fi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n gbé ọ̀pá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fà á tagbáratagbára bí ẹni ń fa òbòkún, ètè crappie sì fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ó ya, ẹja lọ. Lẹ́yìn mẹ́ta tó lọ báyẹn, wọ́n kọ́ ọ. Ká tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti ní mẹ́jọ nínú garawa. Mẹ́wàá ni òfin gbà lọ́pọ̀ adágún, àwọn adágún kan wà tó jẹ́ márùn-ún péré, ìwé òfin ọdún náà ni kí o máa wò pẹ̀lú orúkọ adágún tí o fẹ́ lọ.

Aago tí ẹ lọ náà ò bójú mu. Nílé, ẹni tó bá fẹ́ pẹja á jí lọ ní kùtùkùtù. Ní oṣù Kẹrin níbí, kùtùkùtù ni omi tutù jù, gbogbo òru ló fi ń pàdánù ooru. Jẹun ọ̀sán rẹ nílé. Aago méjì ọ̀sán sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kọ̀rọ̀ omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa, pàápàá lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta tí oòrùn bá ràn léra wọn. Bí òtútù bá ṣàdédé padà láti àríwá, ojú ọ̀run á mọ́ gaara, afẹ́fẹ́ á máa gé èèyàn létí, ẹja á sì kúrò ní kọ̀rọ̀ yẹn mọ́jú. Kò ní lọ jìnnà. Á sún sẹ́yìn lọ síbi àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ ti jìn sí ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 12, á dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á di. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èmi kì í gba owó àlejò. Mo máa ń ní kí wọ́n sùn.

Ìwọ tí o wà ní Brooklyn Park, kí lo tún ń wá lọ Mille Lacs ní oṣù Kẹrin? Adágún Minnetonka wà nítòsí rẹ, àárín oṣù Kẹrin ni yìnyín rẹ̀ sábà ń lọ, ó sì kún fún kọ̀rọ̀ àti ẹnu ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà láti kọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Carsons Bay àti Grays Bay jẹ́ méjì nínú irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Medicine Lake tún wà ní Plymouth. Orí ilẹ̀ lo lè dúró sí, o ò nílò ọkọ̀. Adágún kékeré tí kò jìn ló ń kọ́kọ́ gbóná. Àwọn ńláńlá bíi Mille Lacs, Leech àti Lake of the Woods ń pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ pé òtútù ti lọ.

Ó kan walleye tí ọkàn rẹ ń fà sí.

Òun ni ẹja ìpínlẹ̀ Minnesota láti ọdún 1965, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ẹran ara rẹ̀ ló dùn jù nínú omi yìí. Àwọn Ojibwe, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibí, ń pè é ní ogaa. Ojú rẹ̀ ń tàn lóru bí ojú ológbò, nítorí pé ohun kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ó máa ń ríran níbi tí ẹja wẹ́wẹ́ ò ti ríran, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹun ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní àṣálẹ́, lábẹ́ kùrukùru, àti nígbà tí ìgbì bá ń ru omi sókè. Ọjọ́ tí omi bá dákẹ́ bíi dígí tí oòrùn sì ń ta, ìwọ ni ọjọ́ náà dára fún.

Láàárín 42 sí 50 lórí Fahrenheit ló ń yé, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tí omi ń ṣàn lé tàbí tí ìgbì ń gbá. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í ṣọ́ ẹyin, á dà á sáàárín òkúta, á bá tirẹ̀ lọ. Akọ á kóra jọ sẹ́nu odò lásìkò náà, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ lè kó wọn bí ẹni ń kó iṣu nínú àká. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe tì í pa títí di oṣù Karùn-ún. Sátidé tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Sátidé ìsinmi Memorial Day, ìyẹn ìsinmi Mọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún, ni wọ́n ń ṣí i: ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ní 2025, ọjọ́ 10. Ó sábà máa ń bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ ọjọ́ àwọn ìyá, ìjọba sì ń jẹ́ kí àwọn ìyá tó ń gbé Minnesota pẹja láìní láísẹ́ǹsì lọ́jọ́ méjì yẹn. Mú ìyá àwọn ọmọ rẹ dání, kí wọ́n má bàa ní o sá nílé.

Ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ẹja, tí gbogbo wa ń pè ní DNR, máa ń lọ síbi tí walleye ti ń yé fúnra wọn, bíi Cut Foot Sioux lẹ́bàá adágún Winnibigoshish, àti Pike River tó ṣàn wọ adágún Vermilion. Mo ti dúró wò wọ́n rí. Wọ́n á gbé ìyá ẹja jáde nínú àwọ̀n, wọ́n á fi àtàǹpàkò rọra tẹ ikùn rẹ̀ láti àyà wá sísàlẹ̀, ẹyin á máa tú sínú abọ́ bí ọ̀sààrà ògì, wọ́n á da ti akọ lé e, wọ́n á fi ìyẹ́ rò ó pọ̀, ìyá á sì padà sómi láàyè. Ọmọ tí wọ́n bá pa nínú ẹyin wọ̀nyẹn ni wọ́n ń lọ dà sínú ọ̀pọ̀ adágún tí walleye ò lè bí sí dáadáa.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yé tán, akọ kì í tètè kúrò. Á máa rìn yí ẹnu odò ká fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìyá ńlá á lọ sinmi, kì í fẹ́ jẹun. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ ṣíṣí, kéékèèké ló pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, àwọn kan á wá máa ráhùn pé adágún ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹnu odò, ibi tóóró tó so adágún méjì pọ̀, etí omi oníyanrìn tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 12, ibẹ̀ ni kí o wò. Ìwọ̀ olórí òjé tó wúwo tó ìdá 8 áúnsì kan, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní spottail shiner, ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ lákòókò yẹn, torí pé shiner fúnra rẹ̀ ń wá sétí iyanrìn láti yé, walleye sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Bí omi bá ti kọjá 55 dáadáa, mo máa ń pa ẹja wẹ́wẹ́ tì, eṣúṣú ni mò ń lò lábẹ́ bọ́bà. Eṣúṣú inú Bíbélì yẹn náà ni, tó ní ọmọbìnrin méjì. Wọ́n ń tà á nínú ike nílé ìtajà, ìyàwó mi ò sì tíì dárí jì mí látọjọ́ tó rí i nínú fíríìjì.

Ọjọ́ ṣíṣí kì í yẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà, omi ló ń yẹ̀. Ní 2013, ọjọ́ tí wọ́n ṣí walleye dé nígbà tí yìnyín ṣì bo ọ̀pọ̀ adágún àríwá, Mille Lacs pàápàá wà nínú wọn. Ní 2024, òtútù ò múná rárá, Minnetonka ti ṣí ní àárín oṣù Kẹta. Ọdún tí ìrúwé bá pẹ́, odò àti adágún tí kò jìn ni mo máa ń sá lọ: àyíká Cut Foot Sioux, tàbí Upper Red Lake, tí omi rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò sì jìn rárá. Ọdún tí ó bá tètè dé, walleye ti lè kúrò létí odò ká tó ṣí, mo lè lọ sí Leech tààrà, kí n wá ibi tí ìgbì ti ń gbá àpáta.

Bí o bá lọ sí Upper Red Lake, má ṣe kọjá ààlà. Apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ni gbogbo ayé lè pẹja. Ìyókù rẹ̀ àti gbogbo Lower Red Lake jẹ́ ti Red Lake Nation, ẹ̀yà Ojibwe kan, àlejò kì í wọ̀ ọ́. Wọ́n pa walleye ibẹ̀ run tán nígbà kan, wọ́n tì í pa ní 1999, Red Lake Nation àti ìjọba ìpínlẹ̀ sì jùmọ̀ da ọmọ ẹja sí i títí wọ́n fi ṣí i padà ní 2006. Ní Mille Lacs, ìjọba àti ẹ̀yà Ojibwe mẹ́jọ ló ń pín iye walleye tí wọ́n lè kó lọ́dún, látàrí àdéhùn tí àwọn Ojibwe bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1837, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1999 pé ó ṣì múlẹ̀. Torí náà, òfin Mille Lacs ń yí padà lọ́dọọdún, àwọn ọdún kan wà tó jẹ́ pé bí o bá pa walleye níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí o bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń bú àwọn Ojibwe nítorí èyí nílé ìtajà ìdẹ, má bá wọn dá sí i.

Northern pike, ẹja gígùn eléyín mímú, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Òun ló ń kọ́kọ́ yé, nígbà míì yìnyín ò tíì lọ tán tó ti wọ inú koríko tí omi bò. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣí òun àti walleye. Ebi á ti ń pa á nínú kọ̀rọ̀ omi, yóò sì já okùn rẹ bí o kò bá fi wáyà sí i, nítorí eyín rẹ̀. Ní agbègbè àárín gbùngbùn àríwá ìpínlẹ̀ yìí, mẹ́wàá lo lè mú, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà láàárín 22 sí 26 íńṣì gbọ́dọ̀ padà sómi, méjì péré ló sì lè ju 26 lọ. Òyìnbó kì í fẹ́ jẹ ẹ́ torí eegun. Ẹni tó jẹ ṣàwá dàgbà ò lè máa sá fún eegun pike. Dín in kó gbẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ yé wà níbí. Ní oṣù Karùn-ún kan, mo ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté onípákó, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo já sómi tí kò ju àyà mi lọ. Mo mọ̀wẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo mọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n èémí mi já, mo ṣí ẹnu, afẹ́fẹ́ ò wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi ni mo fà símú. Nígbà tí mo fi máa di pákó mú, ìka mi ò lè ká mọ́. Ẹni tó ń kọ́ni nípa omi tútù máa ń ka 1, 10, 1: ìṣẹ́jú kan láti gba èémí rẹ padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ fi ṣì lè ṣe nǹkan tó nítumọ̀, wákàtí kan kí òtútù tó mú èèyàn dákú. Ọ̀pọ̀ tó kú kì í dé wákàtí yẹn, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló pa wọ́n. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ẹ́, o máa sọ pé o mọ̀wẹ̀. Wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó, kí o so ó níwájú, kó má jẹ́ pé o jókòó lé e. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, òfin ló ní kó wọ̀ ọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń lọ.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ jáde, yọ ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi ṣàn tán kó tó gun títì, gé gbogbo koríko kúrò lára rẹ̀. Omi adágún kì í bá ẹja ìdẹ lọ sílé, dà á nù, fi omi tí o gbé wá láti ilé rọ́pò rẹ̀. Ìdẹ tó bá ṣẹ́ kù, inú pàǹtírí ni, kì í ṣe inú adágún. Ìṣáwùrú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní zebra mussel ti gba ọ̀nà báyìí wọ ọ̀pọ̀ adágún, Mille Lacs náà wà lára wọn, ẹ̀ṣọ́ kì í sì í fojú fo ọ̀rọ̀ yẹn. Láísẹ́ǹsì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ó ń parí ní ìparí oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ibí tí kò tíì pé 16 kò nílò rẹ̀.

Nípa jíjẹ, mẹ́kúrì wà nínú ẹja ọ̀pọ̀ adágún yìí, èyí tó bá tóbi tó sì ń jẹ ẹja mìíràn ló ní in jù. Aláboyún àti ọmọdé nílé rẹ, crappie àti sunfish kéékèèké ni kí o fún wọn, kí walleye àti pike jẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo sì mọ̀ pé ẹja àrọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà níbí, bullhead, dúdú, onírungbọ̀n, kì í ṣòroó pa, òyìnbó púpọ̀ kì í sì í yà sí i. Òfin gba ọgọ́rùn-ún fún ẹnì kan lóòjọ́. Dúró di ìparí oṣù Karùn-ún, nígbà tí omi bá ti kọjá 60. Lọ sí adágún ẹlẹ́rẹ̀ kan nítòsí rẹ lálẹ́, fi ekòló sí ìwọ̀, jẹ́ kó sùn sílẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ mẹ́ta ni, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Lẹ́yìn ẹ̀gún wọ̀nyẹn ni kí o ti gbá a mú, bí bàbá rẹ ṣe fi hàn ọ́.